Jeepney ilẹ̀ Philippines: ta ni yóò ru gbèsè ọkọ̀ tuntun?

Ìbéèrè: Kórópe méjì ni mo ní ní Ìbàdàn. Ọ̀kan ni mo ń wà fúnra mi, èkejì wà lọ́wọ́ awakọ̀. Àwọn kan nínú wa ń dábàá pé kí a para pọ̀ di ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kí a lè jùmọ̀ yá owó ra bọ́ọ̀sì tuntun tí ń lo gáàsì. Ọmọ mi tí ó wà ní yunifásítì sọ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni ìjọba Philippines ní kí àwọn ọlọ́kọ̀ jeepney, ọkọ̀ akérò ilẹ̀ wọn, ṣe, ó sì di ìyanṣẹ́lódì lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ó fa ìjà náà gan-an, ibo ni ó sì já sí? Ṣé ẹ̀rù gbèsè nìkan ni, àbí nǹkan mìíràn wà níbẹ̀? Bí a bá sì gba ọkọ̀ tuntun, kí ni kí a ṣe sí èyí tí ó wà nílẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó tọwọ́ bọ ìwé. Òótọ́ ni ọmọ yín sọ, ṣùgbọ́n ariwo ìyanṣẹ́lódì ni ó sábà máa ń dé ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, ohun tí ó wà nídìí rẹ̀ kì í sì í bá a dé. Kò sí awakọ̀ tí kò mọ adùn ọkọ̀ tí kì í kú sójú ọ̀nà, àwọn ti Manila, olú ìlú Philippines, náà mọ̀ ọ́n. Ohun méjì ni wọ́n ń jà sí: ọrùn ta ni gbèsè yóò wà, àti orúkọ ta ni yóò wà lórí ìwé àṣẹ tí ó fún ọkọ̀ ní ẹ̀tọ́ láti máa ná ojú ọ̀nà. Gbèsè ni gbogbo ènìyàn ń sọ. Ní tèmi, ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ yìí ni ó jinlẹ̀ jù, òun náà ni ó sì kan irú ẹgbẹ́ tí ẹ fẹ́ dá sílẹ̀ jù lọ, nítorí náà n óò pẹ́ díẹ̀ lórí rẹ̀ bí mo bá dé ibẹ̀.

Jeepney bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ jíípù sílẹ̀ ní Philippines. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ibẹ̀ fa ẹ̀yìn jíípù náà gùn, wọ́n fi òrùlé bò ó, wọ́n to bẹ́ńṣì gígùn méjì sí i kí èrò lè máa kọjú sí ara wọn, wọ́n sì ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀ kí ó jẹ́ ọ̀nà àbáwọlé. Nígbà tí jíípù ológun tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọ tiwọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Sarao, tí Leonardo Sarao dá sílẹ̀ ní ọdún 1953 ní Las Piñas nítòsí Manila, àti ilé iṣẹ́ Francisco ni òkìkí wọn kàn jù. Irin ni wọ́n fi ń rọ ara ọkọ̀ náà, ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì tòkunbọ̀ láti Japan ni wọ́n sì ń gbé sí i. Ẹni tí ó bá rántí bọ́lẹ̀kájà yóò mọ irú ọkọ̀ tí mo ń wí, títí kan àwòrán àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń kọ sí i lára. Kò sí kọ́ńdọ́ nínú ọ̀pọ̀ wọn: èrò tí ó jókòó lẹ́yìn á na owó sí ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀, owó á máa ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́ títí yóò fi kan awakọ̀, ṣéńjì á sì gba ọ̀nà kan náà padà. (Mo mọ̀ pé ẹ ó rẹ́rìn-ín bí ẹ bá fi ojú inú wo irú rẹ̀ ní Iwo Road.)

Ètò owó tí ó wà láàárín awakọ̀ àti ọlọ́kọ̀ níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní boundary, kò sì ṣàjèjì sí yín, nítorí ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ òun kan náà ni ẹ fi gbé kórópe yín kejì fún awakọ̀. Awakọ̀ ń san iye kan pàtó fún ọlọ́kọ̀ lójoojúmọ́, òun ni ó ń ra epo, èyí tí ó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn rẹ̀ ni ti awakọ̀. Bí òjò bá rọ̀ tí èrò kò jáde, iye ti ọlọ́kọ̀ kò yí padà. Awakọ̀ ni yóò sùn lébi. Ìdí nìyẹn tí awakọ̀ fi ń dúró ní ibùdókọ̀ títí ọkọ̀ yóò fi kún, tí ó fi ń sáré du èrò mọ́ ẹnì kejì rẹ̀ lọ́wọ́ bí ó bá ti gbéra, tí ó sì fi ń wakọ̀ láti ìdájí títí di alẹ́. Níwọ̀n bí ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ ti ní ọkọ̀ kan tàbí méjì péré, ọkọ̀ tí ó wà lójú ọ̀nà kan náà di ọ̀tá ara wọn. Ẹ tún wá fi èéfín dúdú ẹ́ńjìnnì tí ó ti lo ọgbọ̀n ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kún un. Mi ò rò pé ìjọba ilẹ̀ náà parọ́ nígbà tí wọ́n ní nǹkan gbọ́dọ̀ yí padà, bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ta ko ètò náà kò sọ pé kí ó má yí padà.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2017, nígbà ìjọba Ààrẹ Rodrigo Duterte, iléeṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó ìrìnnà gbé àṣẹ jáde pé kí gbogbo ọkọ̀ akérò kéékèèké bọ́ sábẹ́ ìlànà tuntun. Ọkọ̀ tí ó bá ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbọ́dọ̀ kúrò lójú pópó. Èyí tí yóò rọ́pò rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ẹ́ńjìnnì tí èéfín rẹ̀ bá Euro 4, ìwọ̀n èéfín ọkọ̀ ti ilẹ̀ Yúróòpù, mu, tàbí kí ó máa lo iná mànàmáná. Ilẹ̀kùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ tí ó kọ sí etí títì dípò ẹ̀yìn. Ó gbọ́dọ̀ ga tó kí èrò lè dìde nàró nínú rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ní kámẹ́rà, GPS, ohun tí kì í jẹ́ kí eré ọkọ̀ kọjá ìwọ̀n, àti ẹ̀rọ tí èrò yóò fi káàdì san owó. Pẹ̀lú gbogbo èyí, awakọ̀ gbọ́dọ̀ máa gba owó oṣù, kí boundary sì di ohun àtijọ́. LTFRB, àjọ tí ń fún ọkọ̀ akérò ní ìwé àṣẹ, ni a gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́.

Bí ẹ bá ka ìlànà wọ̀nyí lórí ìwé, kò sí èyí tí kò dára. Owó ni ó kọ́kọ́ ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ààbọ̀ pẹ́sò, owó ilẹ̀ wọn, ni wọ́n ní ọkọ̀ tuntun kan yóò jẹ́. Láàárín ọdún díẹ̀, ó ti di mílíọ̀nù méjì ó lé fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn mìíràn sì ń sún mọ́ mílíọ̀nù mẹ́ta. Jeepney àtijọ́ kò ju ìdá díẹ̀ nínú iye yẹn lọ. Ìjọba fi ìrànwọ́ sí i: pẹ́sò 80,000 lórí ọkọ̀ kan ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di 160,000, wọ́n sì tún bù kún un nígbà tó yá. Báńkì ìjọba méjì, Land Bank àti Development Bank of the Philippines, yá àwọn ẹgbẹ́ ní owó tí ó kù: ìpín márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹgbẹ́ yóò kọ́kọ́ dá sílẹ̀, èlé rẹ̀ jẹ́ ìpín mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, ọdún méje ni wọn yóò sì fi san án.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀, nítorí níbi ìṣirò ni òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí wà. Kí a ní ọkọ̀ kan jẹ́ pẹ́sò 2,400,000, kí a sì ní ìrànwọ́ 160,000 ti kúrò níbẹ̀, tí ó sì ti bo ìpín márùn-ún àkọ́kọ́. 2,240,000 ni gbèsè. Lórí èlé ìpín mẹ́fà fún ọdún méje, owó tí wọn yóò máa san lóṣooṣù yóò tó nǹkan bí 32,700. Bí ọkọ̀ náà bá ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ 26 nínú oṣù, ó di nǹkan bí 1,260 lójúmọ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, wọ́n sọ owó ọkọ̀ tí ó kéré jù di pẹ́sò 15 nínú jeepney tuntun, 13 nínú ti àtijọ́. Ìtumọ̀ èyí ni pé, ní iye ìgbà náà, èrò 84 ni yóò kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ náà kí ó sì san owó rẹ̀ lójúmọ́, kí gbèsè nìkan tó kúrò nílẹ̀, kí a tó ra epo, kí a tó san owó oṣù awakọ̀, kí a tó pààrọ̀ táyà, kí ọlọ́kọ̀ tó fojú kan kọ́bọ̀. Lójú ọ̀nà tí èrò pọ̀ sí tàràrà, ó ṣeé ṣe. Lójú ọ̀nà ìgbèríko, tàbí ibi tí ọkọ̀ mìíràn ti ń du èrò kan náà, kò ṣeé ṣe, kò sì sí ìwàásù tí ó lè mú un ṣeé ṣe.

Ọ̀rọ̀ àtúnṣe ọkọ̀ tún wà níbẹ̀, èyí tí àwọn tí kì í gun jeepney kì í sábà rántí. Jeepney àtijọ́ ni ọkọ̀ tí mẹkáníìkì ẹ̀gbẹ́ títì lè tú palẹ̀ kí ó sì tún un tò kí ilẹ̀ tó ṣú, tí wẹ́dà sì lè lẹ irin tuntun mọ́ ibi tí ó bá ti dógùn-ún. Ẹ́ńjìnnì Euro 4 kò rí bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà ni ó ń darí bí epo ṣe ń wọ inú rẹ̀, epo tí kò mọ́ máa ń bà á jẹ́ kíákíá, ó sì nílò ẹ̀rọ tí a fi ń ka àṣìṣe rẹ̀ kí a tó mọ ohun tí ó ń ṣe é. Bí páàtì kan bá bàjẹ́ tí ó jẹ́ pé òkè òkun ni yóò ti wá, ọkọ̀ yóò dúró, gbèsè kò sì ní dúró dè é. Ó wá jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú ọkọ̀ tuntun wọ̀nyí, tàbí ẹ́ńjìnnì àti férémù wọn, ti ilẹ̀ òkèèrè wá, pàápàá Japan àti China, nígbà tí àwọn tí ń rọ jeepney ní Las Piñas ń wò wọ́n. Ilé iṣẹ́ Francisco ti fi hàn lẹ́yìn náà pé a lè ṣe jeepney tí ń lo iná, tí ó bá ìlànà mu, tí ojú rẹ̀ sì jọ ti àtijọ́. Kì bá ti dára tó kí wọ́n ti fi irú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Mo ti dé orí ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ. Kí ètò yìí tó dé, ẹni tí ó ní jeepney kan ṣoṣo lè ní ìwé àṣẹ lórúkọ ara rẹ̀, ojú ọ̀nà kan pàtó sì ni ìwé náà máa ń dárúkọ. Ìwé yìí jẹ́ ohun ìní lọ́tọ̀ sí ọkọ̀. Ọkọ̀ lè gbó, ẹ́ńjìnnì lè kú, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ìwé bá wà lọ́wọ́ ẹni, ó lè wá ọkọ̀ mìíràn gbé sí ojú ọ̀nà yẹn. Àṣẹ tuntun ní kí ẹnikẹ́ni tí ó ní ọkọ̀ kan tàbí méjì jọ̀wọ́ ìwé tirẹ̀, kí ó wọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tàbí ilé iṣẹ́ tí ó ní, ó kéré tán, ọkọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ìwé àṣẹ kan ṣoṣo sì wà lórúkọ ẹgbẹ́ náà. Ẹgbẹ́ ni yóò yá owó, ẹgbẹ́ ni yóò sì ni ọkọ̀ tuntun. Ẹni tí ó ti ń sọ pé “ọkọ̀ mi” láti ogún ọdún yóò máa sọ pé “ìpín mi nínú ẹgbẹ́.”

Ìjọba ní ọmọ ẹgbẹ́ kò pàdánù ohunkóhun, nítorí òun náà ni ó ni ẹgbẹ́. Àwọn ọlọ́kọ̀ sì béèrè ìbéèrè tí àgbàlagbà èyíkéyìí yóò béèrè. Bí èmi àti alága bá jà, tí mo fẹ́ kúrò, ṣé n óò mú ẹ̀tọ́ ojú ọ̀nà mi lọ? Bí ẹgbẹ́ kò bá lè san gbèsè tí báńkì sì gba ọkọ̀, kí ni yóò ṣẹ́ kù fún èmi tí mo ti jọ̀wọ́ ìwé mi? Bí ọlọ́wọ́ méjì bá wọ ẹgbẹ́ tí wọ́n sì ra ìpín tí ó pọ̀ jù, ṣé kì í ṣe pé èmi tí mo jẹ́ ọlọ́kọ̀ lánàá yóò di awakọ̀ tí wọ́n lè lé kúrò lọ́la? PISTON, ẹgbẹ́ awakọ̀ àti ọlọ́kọ̀ tí ó ti pẹ́, àti Manibela tí ó dìde lẹ́yìn rẹ̀, orí ìbéèrè wọ̀nyí ni wọ́n gbé ìjà wọn kà. Wọn kò dá wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹgbẹ́ onímọ́tò ni ó tẹ̀ lé wọn: àwọn ẹgbẹ́ ńlá kan dúró ti ìjọba, púpọ̀ nínú wọn sì ti náwó sórí ọkọ̀ tuntun kí ariwo tó le.

Àṣìṣe kan tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ìròyìn da ọjọ́ ìparí ìdarapọ̀ àti ọjọ́ ìparí ọkọ̀ àtijọ́ pọ̀ mọ́ra wọn. Ẹni tí ó bá ti wọ ẹgbẹ́ lè máa wa jeepney rẹ̀ àtijọ́ lọ, bí ó bá ṣì yẹ fún ojú ọ̀nà, títí ọkọ̀ tuntun yóò fi dé. Ẹni tí kò bá wọ ẹgbẹ́ ni ìwé rẹ̀ yóò di asán, bí ọkọ̀ rẹ̀ tilẹ̀ ń dán gbinrin. Ẹ kíyè sí i: ìwé ni wọ́n kọ́kọ́ gbà, ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo gbà pé ìdí nìyí tí ìfura fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Àrùn Kòrónà tún wá dá kún un. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020 ni wọ́n dá gbogbo ọkọ̀ akérò dúró ní Manila. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣí ojú ọ̀nà padà ní oṣù Kẹfà, jeepney tuntun ni wọ́n kọ́kọ́ gbà láyè, oṣù Keje ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá ti àtijọ́ padà díẹ̀díẹ̀. Láàárín ìgbà yẹn, àwọn awakọ̀ kan ń tọrọ owó lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá rí èyí kò ní gbàgbọ́ mọ́ nígbà tí a bá sọ fún un pé rere rẹ̀ ni a ń wá. Síbẹ̀, nínú ọdún kan náà ni ìjọba dán ohun kan wò tí mo kà sí ohun tí ó dára jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí: wọ́n ń san owó fún awakọ̀ lórí iye kìlómítà tí ó bá rìn, yálà ọkọ̀ kún tàbí kò kún, àwọn èrò kan sì ń wọkọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìdíje lórí èrò dópin nítorí kò sí èrè nínú rẹ̀ mọ́. Owó ìjọba ni ó gbé e ró, nítorí náà ó ń dúró nígbà tí owó bá tán, wọ́n sì ń padà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí òmíràn bá wọlé. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ètò owó ni ó ń sọ awakọ̀ di oníwàǹwara, kì í ṣe ọjọ́ orí ọkọ̀.

Láti ìgbà náà, ọjọ́ ìparí ìdarapọ̀ ń sún síwájú léraléra. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹta ọdún 2023, Manibela àti PISTON bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì tí wọ́n ní yóò gba ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì ni wọ́n fòpin sí i nígbà tí àwọn aṣojú Ààrẹ pè wọ́n sọ̀rọ̀; òpin ọdún náà ni ọjọ́ ìparí nígbà yẹn. Ní oṣù Kejìlá, PISTON gbé ẹjọ́ lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, Ààrẹ Ferdinand Marcos Kékeré sún ọjọ́ náà sí òpin oṣù Kẹrin. Nínú oṣù Keje ọdún 2024, sẹ́nétọ̀ 22 nínú 23 fọwọ́ sí ìpinnu tí ó rọ ìjọba láti dá ètò náà dúró ná. Ní oṣù Kẹjọ, Ààrẹ ní òun kò ní dá a dúró, nítorí pé nǹkan bí ìpín ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ti darapọ̀, kò sì yẹ kí àwọn ìpín ogún tí ó kù máa dí wọn lọ́wọ́. Ní oṣù Kẹwàá, wọ́n tún ṣí ìlẹ̀kùn ìdarapọ̀ sílẹ̀ títí di ìparí oṣù Kọkànlá fún àwọn tí wọ́n ti dúró sẹ́yìn. Ibi tí ó já sí ní òpin ọdún 2024 nìyẹn: ọ̀pọ̀ ti wọ ẹgbẹ́ lórí ìwé, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tuntun tí ó wà lójú pópó kéré jọjọ sí iye àwọn tí wọ́n wọlé, jeepney onírin sì ṣì ń gbé èrò ní Manila.

Àṣìṣe mìíràn, tí mo rí gẹ́gẹ́ bí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ètò ìrìnnà, ni pé ohun tí ó yẹ kí ó ṣáájú ni ó kẹ́yìn. Àṣẹ ọdún 2017 ní kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan kọ ìwé ètò ojú ọ̀nà tirẹ̀, kí a lè mọ iye èrò tí ó wà àti iye ọkọ̀ tí ojú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan nílò. Ọ̀pọ̀ kò kọ ọ́ tán nígbà tí wọ́n ti ń lé ọlọ́kọ̀ wọ ẹgbẹ́ kiri. Báwo ni ènìyàn ṣe fẹ́ yá mílíọ̀nù méjì lórí ojú ọ̀nà tí a kò tíì mọ̀ bóyá yóò wà bẹ́ẹ̀ lọ́dún tí ń bọ̀? Ìlú Iloilo, níbi tí wọ́n ti jókòó ti ètò ojú ọ̀nà wọn dáadáa, wà lára ibi tí ọkọ̀ tuntun ti gbilẹ̀ jù. Dakar ní Senegal náà ti gba ọ̀nà tí ó jọ ọ́ láti ọdún 2005, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi bọ́ọ̀sì kékeré tuntun rọ́pò car rapide, ọkọ̀ akérò àtijọ́ ibẹ̀: àwọn ọlọ́kọ̀ kó ara wọn jọ sí ẹgbẹ́ kéékèèké, wọ́n dá àjọ owó kan sílẹ̀ tí a mọ̀ sí AFTU, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì mọ ojú ọ̀nà rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ṣe é, ní ìpele ìpele, wọn kò sì fi ọjọ́ kan ṣoṣo dẹ́rù ba gbogbo ìlú.

Nígbà tí ẹ bá wá ń fi èyí wé tiyín, ẹ rántí ibi tí kò ti bára mu. Ẹ kò ní ìwé àṣẹ ojú ọ̀nà tí ó wúwo tó ti LTFRB. Gáréèjì àti ẹgbẹ́ onímọ́tò ni ó ń sọ ẹni tí yóò gbé èrò níbi kan. Ẹ̀tọ́ ojú ọ̀nà tí ẹ lè pàdánù kéré, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ lè fi dáàbò bo gbèsè yín náà kéré. Bí ẹgbẹ́ yín bá ra bọ́ọ̀sì mẹ́wàá, kí ni yóò dí ẹni mẹ́wàá mìíràn lọ́wọ́ láti gbé kórópe àtijọ́ wá sí ojú ọ̀nà kan náà, kí wọ́n sì máa gba iye tí ó kéré sí tiyín nítorí pé wọn kò jẹ gbèsè? Ẹ béèrè èyí lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ kí ẹ tó béèrè iye ọkọ̀.

Èkejì ni èlé. Ìpín mẹ́fà ti Manila kò sí níhìn-ín. Ní ìparí ọdún 2024, ìpín 27.5 ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà fi lélẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìpìlẹ̀ èlé, báńkì tí ń yáni lówó sì máa ń lé tirẹ̀ lé e lórí. Mílíọ̀nù náírà kan tí a bá yá fún ọdún méje ní èlé ìpín mẹ́fà, nǹkan bí 1,227,000 ni a ó san padà. Ní ìpín 27.5, yóò tó 2,262,000. Bí àwọn ọlọ́kọ̀ Philippines bá ń ké lábẹ́ ti àkọ́kọ́, ẹ mọ ohun tí ti kejì yóò ṣe. Àyàfi bí ẹ bá rí owó tí ìjọba tàbí àjọ kan fi ìrànwọ́ sí, tí èlé rẹ̀ sì wà ní kíkọ pé kò ní yí padà, èmi kò ní gbà yín níyànjú láti yá owó ra ọkọ̀ tuntun nísinsìnyí.

Ibì kan wà tí ẹ ti sàn jù wọ́n lọ. Ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì tí jeepney ń lò kò ní púlọ́ọ̀gì tí ń ṣáná, nítorí náà yíyí i padà sí gáàsì jẹ́ iṣẹ́ ńlá. Pẹtiróòlù ni kórópe ń lò, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì lè gba gáàsì CNG pẹ̀lú sílíńdà àti páìpù tí a bá gbé sí i, kí ó sì tún máa lo pẹtiróòlù nígbà tí gáàsì bá tán. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ó bá kọ́kọ́ jùmọ̀ náwó lórí yíyí ẹ́ńjìnnì padà yóò ní gbèsè kékeré, yóò sì kọ́ bí a ti ń ṣe ìṣirò pọ̀ kí ó tó dé orí ọkọ̀ ńlá. Àwọn tí wọ́n gba àṣẹ ṣíṣe iṣẹ́ yìí nìkan ni kí ẹ gbé e fún, nítorí agbára tí ó wà nínú sílíńdà náà kì í ṣe ohun tí a ń fi dánra wò. Sílíńdà ní ọjọ́ orí tirẹ̀, ó sì ní ìgbà tí a gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ẹ tó náwó náà, ẹ wo bí ilé gáàsì ti jìnnà sí ojú ọ̀nà yín tó, nítorí wákàtí tí ọkọ̀ bá lò lórí ìlà kì í pa owó.

Bí ẹ bá pinnu láti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀ka ìjọba ìpínlẹ̀ tí ń rí sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kí ẹ sì jẹ́ kí òfin ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀ ketekete lórí ohun tí ó dá ìjà sílẹ̀ ní Manila: bí ẹni tí ó bá ń kúrò yóò ti gba owó rẹ̀, láàárín oṣù mélòó, àti ní iye wo; ìpín tí ẹnì kan kò gbọdọ̀ kọjá; ẹni tí yóò dúró fún gbèsè àti ibi tí ìdúró rẹ̀ mọ, kí ilé ẹnikẹ́ni má baà lọ sí i; àti ìgbà tí a ó máa ka ìwé owó sétígbọ̀ọ́ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Ẹ tún yà owó àtúnṣe sọ́tọ̀ láti ọjọ́ kìíní, kí ó má jẹ́ pé ọjọ́ tí ọkọ̀ bá kú ni ẹ óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa dá owó. Awakọ̀ yín kejì náà, ẹ má gbàgbé rẹ̀. Bí yóò bá máa gba owó oṣù, ẹ kọ iye rẹ̀ àti iye wákàtí rẹ̀ sílẹ̀. Bí owó ojoojúmọ́ bá ṣì ni yóò máa san, a jẹ́ pé bọ́ọ̀sì tuntun kò ní yí ìwà rẹ̀ lójú ọ̀nà padà.

Ní ti ọkọ̀ àtijọ́, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ lórí ìlérí. Ní South Africa, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pa takisí àtijọ́ rẹ́ ní ọdún 2006, ìjọba ń san rand 50,000 fún ẹni tí ó bá mú tirẹ̀ wá kí a fọ́ ọ, owó yẹn sì ni ọ̀pọ̀ fi dá àsansílẹ̀ tuntun. Bí kò bá sí irú owó bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ máa lo kórópe méjèèjì lọ títí bọ́ọ̀sì tuntun yóò fi wà lójú ọ̀nà tí ìwé rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ta èyí tí ó rẹ̀ jù, kí ẹ sì fi èkejì sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí adípò fún ọjọ́ tí bọ́ọ̀sì bá wọ ilé mẹkáníìkì, ó kéré tán títí ẹ óò fi san ìdajì gbèsè náà.